Làbákẹ́ Tí Ń Yí Orin Padà

Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò Moshie Zongo ní Tamale, lápá àríwá Gáná, tó wá lóun ò mọ Làbákẹ́ ọmọ Osman, irọ́ ló ń pa, tàbí kó jẹ́ pé àná ló kó dé. Aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kọjú sí ìsọ̀ bàbá rẹ̀ tó ń ta páàtì mọ́tò. Ṣùgbọ́n aṣọ kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dárúkọ. Ẹnu rẹ̀ ni. Orin kan kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí kó padà lọ bó ṣe wá. Orin tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré òṣùpá, á fà á gùn títí á fi dà bí àdúrà opó. Orin ìsìn tí àwọn àgbà ń kọ bí ẹni ń ru igi, á fi àtẹ́wọ́ sí i, á gbọ̀n ọ́n wò síbí, á gbọ̀n ọ́n wò sọ́hùn-ún, kí ẹ tó mọ̀, ẹsẹ̀ yín ti ń lu ilẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni. Àwọn kan ní àìgbọràn ni. Kí a má tíì dá a lẹ́jọ́ ná.

Màmá Salome, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ lórin. Ìyá Làbákẹ́ kú nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́fà. Osman ń wa tírélà lọ sí Wagadúgù nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe di ìyá. Osman a máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, Màmá Salome a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá, Làbákẹ́ a máa jẹ ẹran iléyá, a sì tún máa jẹ ìrẹsì Kérésì, kò sí ẹni tó ní kó yan ọ̀kan. Àgbàlá ìyá àgbà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń gúnyán, tí wọ́n ti ń po òrí, ni gbogbo orin rẹ̀ ti wá. Bó bá rántí ibẹ̀ báyìí, òórùn òrí ló máa ń kọ́kọ́ dé imú rẹ̀, kí ohùn ìyá àgbà tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ ìsìnkú Màmá Salome, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ rí Levi. Kí a wí i dáadáa: ó ti ń rí i tipẹ́, nítorí àwọn Yorùbá Tamale kò pọ̀ débi tí èèyàn ò fi ní mọ ojú ara wọn, ṣùgbọ́n rírí ju rírí lọ. Levi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ iná ló ń ṣe ní Kalpohin. Bàbá rẹ̀, Pápá Babáṣọlá, ni ọ̀gá àwọn akọrin, ó sì ti wà nídìí iṣẹ́ náà ju ogójì ọdún lọ. Ìwé orin kì í kúrò lábíyá ọkùnrin yìí. Bí akọrin kan bá ṣi ohùn ẹyọ kan péré, Pápá á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, onítọ̀hún á sì mọ̀ pé òun ti dáràn.

Wọ́n ní kí Làbákẹ́ kọ orin kan fún ìyá àgbà rẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ orin náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó dé ẹsẹ kejì, ọkàn rẹ̀ ò gbà á mọ́. Bí ó ṣe ń wo pósí náà, ó ń rò pé obìnrin tó pọn òun sẹ́yìn nìyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orin náà bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Pápá gbé ọwọ́ sókè. Àwọn akọrin dákẹ́. Levi rí ọwọ́ bàbá rẹ̀, kò sì dúró. Ó rọra ń bá ọmọbìnrin náà lọ, ó ń fi dùùrù gbé e níbi tó ti fẹ́ ṣubú, títí orin fi parí. Làbákẹ́ yíjú wò ó. Ọkàn rẹ̀ fà sí i, ojú sì tì í pé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ìyá òun.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Pápá ti dá a dúró. Ó kí i kú ọ̀fọ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà, lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé orin Ọlọ́run kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń gé mọ́ ara rẹ̀. Làbákẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kó má bínú. Nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ aṣọ? Aṣọ tí kò bá ara mu, ta ní ń wọ̀ ọ́?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Levi fi yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun gbọ́ pé súíìsì ibẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Làbákẹ́ ní kò sí ohun tó ṣe súíìsì òun. Levi ní kí òun ṣáà wò ó. Ó tú u, ó wò ó, ó dè é padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún yọ, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí òun dè lánàá dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Osman sọdá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó bi í pé súíìsì mélòó ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo yìí.

"Ẹyọ kan ni, sà," ni Levi wí.

"Tò," ni Osman dáhùn. "Bí o bá ṣe é tán, wá jókòó kí o mumi bí èèyàn."

Bó ṣe di àlejò ilé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ti Yorùbá, ó ń gbọ́ ọ ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á fi Hausa gbà á láàárín, á fi Dagbani, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tì í dópin. Làbákẹ́ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀, a ní Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Ṣùgbọ́n ó ní dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì, á gbé e lé orí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, á ní kí ó kọ ọ̀kan. Làbákẹ́ á kọ, á yí i padà, Levi á máa wá a kiri lórí dùùrù títí yóò fi bá a. Nígbà mìíràn á dá a dúró, á bi í pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó kọ yẹn, nítorí Yorùbá inú orin Màmá Salome ti jinlẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń sọ ní Zongo lọ. Wọ́n gba díẹ̀ sórí fóònù, àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, iléeṣẹ́ rédíò kan pe Làbákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní kí Làbákẹ́ padà sí ọdún kan péré nínú ayé rẹ̀, ọdún yẹn ni yóò mú. Ooru tó mú, eruku tó kó, gbogbo rẹ̀ ni yóò tún gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Levi ń ká wáyà mọ́ apá rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Làbákẹ́, mo fẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn rẹ láti yàrá kejì. Lójoojúmọ́. Títí a ó fi dàgbà."

Làbákẹ́ dá máṣíìnì ìránṣọ dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó kàn ní òun ti gbọ́. Nígbà tí Levi lọ tán, ó tú gbogbo ohun tó rán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí gbogbo rẹ̀ ló wọ́.

Osman kò ṣòro. Ó ní òun ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òun náà fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń wá: kí bàbá ọmọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá tọrọ ọmọ òun. Kì í ṣe ìwé, kì í ṣe fóònù, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun, kò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ọkọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku Pápá Babáṣọlá. Wọ́n rán Àǹtí Rejoice sí i, àbúrò olóògbé ìyá Levi. Búrẹ́dì ni Àǹtí Rejoice ń ṣe ní Jisonayili, ó sì gbà pé kò sí ọkàn tí búrẹ́dì gbígbóná ò lè rọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ rere. Ìgbà mẹ́ta ló lọ. Nígbà àkọ́kọ́, Pápá gba búrẹ́dì, kò gba ọ̀rọ̀. Nígbà kejì, ó ní kí ó jẹ́ kí òun gbàdúrà sí i. Nígbà kẹta, Àǹtí Rejoice gba ṣọ́ọ̀bù Làbákẹ́ kọjá kó tó délé, ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, kó tó lè la ẹnu.

Ó ní Pápá kò ka mọ́ṣáláṣí Osman sí ẹ̀ṣẹ̀. Kò kórìíra iṣẹ́ aránṣọ. Ẹnu ọmọ náà ni kò lè gbà. Bí Làbákẹ́ bá wá sí ìdánrawò àwọn akọrin ní ọ̀sán Sátidé, tó dúró láàárín wọn, tó kọ orin àwọn aṣáájú láti ẹsẹ kìn-ín-ní dé ìkẹrin bí àwọn aṣáájú ṣe fi í sílẹ̀, láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀, Pápá yóò gbé agbádá wọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, yóò sì wá sí Moshie Zongo.

Orin àwọn aṣáájú yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ ọ́, lọ́jọ́ àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ. Pápá ló ń kọ́ àwọn akọrin ní ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀, tó ṣe ọ̀gá akọrin ṣáájú rẹ̀, ló ni ohùn náà. Ó yani lẹ́nu pé Làbákẹ́, tó gbé gbogbo orin ìjọ yẹn sórí, kò gbọ́ èyí rí. Bí ọjọ́ àjọ̀dún bá ti pé lọ́dọọdún, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá Salome, á ní kí ọmọ jókòó ti òun nílé.

Làbákẹ́ rò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, bí òun bá kọ orin kan bí wọ́n ṣe fẹ́ nítorí ọkọ, ṣé orin kan náà ni yóò mọ? Ó sọ ọ́ fún Levi. Levi ní ẹyọ kan náà ni, àti pé bàbá òun kì í yẹ àdéhùn. Làbákẹ́ wo ojú rẹ̀, ó rí i bí ó ṣe ń fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí tó, ó ní òun á lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró sáàárín àwọn akọrin obìnrin. Levi wà nídìí dùùrù. Pápá kọ ohùn náà fún un lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni ń rìn nínú ìsìnkú, Làbákẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀:

Ìwọ tó kó wa la odò já,
Ọwọ́ rẹ la dì mú;
Ilẹ̀ tí a ò mọ̀ rí,
Ìwọ lo sọ ọ́ dilé.

Ohùn rẹ̀ dúró ṣinṣin. Àwọn akọrin ń wo ara wọn, inú wọn ń dùn. Àǹtí Rejoice, tó jókòó sẹ́yìn, ti ń fi ọwọ́ nu ojú. Ẹsẹ kejì lọ wẹ́rẹ́. Ẹsẹ kẹta ni ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Làbákẹ́ lẹ́nu. Ó mọ ohùn yìí. Ọmọ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ fa orin gùn, tó tún ń sún un kì, orin kan ò lè fi ìrìn jẹ́jẹ́ sá pamọ́ fún un. Lójijì ni gbogbo rẹ̀ ṣí sí i lójú: àgbàlá, odó, ọmọ odó méjì tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, Màmá Salome tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ti kú bí ẹni dìde. Ayọ̀ gbé e, kò rántí ibi tí ó wà mọ́.

"Pápá," ó ní, "orin ìgúnyán Màmá mi ni eléyìí!"

Kó tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́kun, ó ti pa àtẹ́wọ́, ó sì ti kọ ọ́ bí ó ṣe ń lọ nínú àgbàlá:

Gún un kó kúnná, ọmọ ń wọ̀nà,
Bàbá ń toko bọ̀, ọmọ ń wọ̀nà.

Kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ohùn kan náà ni, bí ojú òní ṣe jọ ojú àná. Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bá a gbè é. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó.

Ojú Pápá Babáṣọlá fà ro lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n já ní fìlà lójú ọjà. Ó pa ìwé orin dé. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ọmọ náà jáde, pé ó wá fi àwọn òkú ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú pẹpẹ, pé bí òun bá wà láyé, kò ní wọ ilé òun. Làbákẹ́ ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Levi ló ń wò. Ọwọ́ Levi wà lórí dùùrù, ojú rẹ̀ sì wà lára ọwọ́ náà. Làbákẹ́ dúró díẹ̀ sí i, kí Levi lè ráyè sọ ohun kan, ohunkóhun. Levi ò gbójú sókè. Làbákẹ́ gbé àpò rẹ̀, ó sì jáde.

Lọ́jọ́ kejì Levi wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń ṣàlàyé. Làbákẹ́ ní kó má ṣe ìyọnu.

"Bàbá rẹ lé mi, mo lè gbé ìyẹn," ó ní. "Àgbà ni, inú ń bí i. Ìwọ wà níbẹ̀, o ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ni mi ò lè gbé. Máa lọ, Levi, jọ̀ọ́."

Ó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó ti gba iṣẹ́ iná kan ní Yendi, pé oṣù mẹ́rin ni wọn yóò lò.

Kò sẹ́ni tó ní kí Làbákẹ́ má kọrin mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́. Bó bá ya ẹnu, ojú Pápá á yọ sí i, á tún pa á dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá òótọ́ ni, pé àìgbọràn lásán ni òun ń pè ní ẹ̀bùn. Bóyá bí òun bá ti kọ ẹsẹ mẹ́rin yẹn parí, òun ì bá ti wà nílé ọkọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń fẹ́ bi Màmá Salome, á sì rántí pé kò sí ẹni tí òun máa bi. Levi náà ń ṣe é bí ebi. Bí alùpùpù bá ti dúró níta, á yọjú wò bóyá Levi ni, oníbàárà ni.

Osman ò lè fara dà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sọdá wá, ó ní àwọn èèyàn ń bi òun pé ta ló kú.

"Hàba, ọmọ mi," ó ní. "Bí mo bá ti Wagadúgù dé láyé ọjọ́un, tí oorun ń kùn mí, tí mi ò mọ ìlú tí mo wà, orin ìyá àgbà rẹ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé. Nígbà tó kú, tìrẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Báyìí, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́."

Làbákẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà. Ó sunkún ìyá àgbà, ó sunkún Levi, ó fi ti ara rẹ̀ kún un.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí Pápá Babáṣọlá dé. Ọ̀sán gangan ni, ètè gbogbo èèyàn ti hán, eruku funfun bo fìlà rẹ̀. Òun nìkan ló wá, kò sí ìwé orin lábíyá rẹ̀. Làbákẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó mu omi náà tán, ó wá bi í pé ibo ni Màmá Salome ti kọ́ orin ìgúnyán yẹn. Làbákẹ́ ní òun ò mọ̀, bóyá ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ni.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì," ni Pápá wí.  "Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé máa lọ ilé wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Bàbá mi ti àpótí ìwé orin mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní a ó padà wá bá a. Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, èmi àti ìyá mi padà dé, ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀. Àwa mọ́kànlá la kù nínú ìjọ tó ti kún fọ́fọ́ rí."

Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ kọ orin àwọn aṣáájú láti fi dúpẹ́. Gbogbo wọn ló rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ohùn rẹ̀. Eléyìí gbé e báyìí, tọ̀hún gbé e bẹ́ẹ̀, títí orin fi tú mọ́ wọn lẹ́nu, tí àwọn àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí ó wá dà bíi pé ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sí mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti padà sínú rẹ̀.

"Lọ́sàn-án ọjọ́ náà," ó ní, "ìyá mi àti ìyá àgbà rẹ jọ ń gúnyán. Orin wà lẹ́nu Salome. Ìyá mi sọ ọmọ odó sílẹ̀, ó ní, 'Salome, tún un kọ, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́.' Ó kọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyá mi fi ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí i, ó bá a mu rẹ́gí. Bí orin àwọn aṣáájú ṣe padà wá nìyẹn. Ìyá mi pè mí, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n sọ pé ohùn bàbá mi ni. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ títí èmi gan-an fi gbà á gbọ́. Bí ẹnì kan bá ṣi ohùn kan, á máa ṣe mí bíi pé bàbá mi ló ń bú."

Làbákẹ́ wá mọ ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń dun Màmá Salome lọ́jọ́ àjọ̀dún. Obìnrin náà ò fẹ́ kí ẹnu òun ṣe ohun tí ẹnu ọmọ-ọmọ òun wá ṣe. Ó wo bàbá arúgbó tó jókòó níwájú rẹ̀, ìbínú tó ti ń kó jọ sì ń yọ́ lọ.

"Nígbà náà, Pápá," ó rọra wí, "àwọn náà yí orin padà."

"Wọ́n yí i padà," ni Pápá wí. "Kí a má baà fọ́nká. Ọmọ mi, mo jẹ̀bi rẹ. Mi ò ní sọ ọ́ fún ìwọ nìkan."

Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí Rejoice ló mú ìròyìn wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ó ní Pápá dúró níwájú àwọn akọrin, ó sọ gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń retí kí wọ́n bú òun. Ìyá àgbà kan láàárín wọn ló wá ní kí ó jọ̀ọ́ má ṣe ara rẹ̀ léṣe, àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyá tòun náà máa ń fi orin yẹn gúnyán nílé.

Báyìí ni ọ̀nà ṣe là. Levi ti Yendi dé, wọ́n mú ọjọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Pápá Babáṣọlá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìkángun òpópónà Moshie Zongo nínú agbádá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé àgbàlá Osman. Levi wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akọrin tẹ̀lé wọn, wọ́n ru obì, orógbó àti oyin. Levi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àǹtí Rejoice sọ̀rọ̀ ìtọrọ títí àwọn ará Zongo tí kò gbọ́ Yorùbá fi ń pàtẹ́wọ́. Ojú Osman ń dán. Gbogbo èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Làbákẹ́ nìkan ni kò gbà. Ó jókòó lórí ẹní, ìborùn lórí, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé Pápá ti ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Pápá ni òun máa bá gbé. Ọkùnrin tó wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé kò ní tún wò ó lọ́jọ́ mìíràn?

Bí àṣà ṣe rí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bi ọmọ kí bàbá tó gba obì. Osman bi í lẹ́ẹ̀kan pé, ṣé kí òun gbà á? Kò dáhùn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìtìjú ni. Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Kò dáhùn. Ẹ̀rín dín kù, Àǹtí Rejoice bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. Nígbà kẹta, Làbákẹ́ ní bí bàbá òun bá yọ̀ǹda, òun fẹ́ bi Levi ní ohun kan.

"Ọjọ́ tí wọ́n lé mi jáde," ó ní, "kí ló wà lẹ́nu rẹ?"

Levi ti dìde kúrò ní ìdọ̀bálẹ̀ sí orí orúnkún. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ó tilẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kiri.

"Ẹ̀rù," ó ní. "Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ Pápá ni mo ń wò láti kékeré kí n tó ṣe ohunkóhun. Mi ò lè sọ fún ọ pé ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́. Ó ń bà mí báyìí. Ṣùgbọ́n mò ń sọ̀rọ̀." Ó yíjú padà sí bàbá rẹ̀. "Pápá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí ẹ bá tún lé e lọ́jọ́ kan, èmi náà á dìde, a ó jọ jáde ni."

 Ọwọ́ Pápá Babáṣọlá wà lórí orúnkún rẹ̀, kò gbé e sókè. Ó mi orí pé òun gbà.

Osman tẹ̀ síwájú sí ọmọ rẹ̀. Ó bi í ní ohùn kékeré bóyá ọkọ yìí dá a lójú.

"Rárá, Bàbá, kò dá mi lójú," ni Làbákẹ́ wí. Omi ti ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ẹ bá mi gbà á."

Osman na ọwọ́, ó gba obì.